Bí Ẹ̀rọ Afìró-fọ-nǹkan Bá Dákẹ́, Kí Ni Ká Ṣe?

Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ló ní kí a kọ nǹkan nípa iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń ṣe ní yàrá wa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbé fóònù tó wọ omi wá bá wa, tí ẹ sì máa ń béèrè pé kí ni àpótí irin kékeré tó ń dún bí àkàrà nínú epo gbígbóná yẹn. A gbà láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi Yorùbá wa ṣe ẹlẹ́yà. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, Òkè Ọya ni wọ́n bí wa sí: ọ̀kan ní Minna, ọ̀kan ní Kàdúná, ẹnì kẹta ní Nyanya níbí. Hausa la fi ń ra tòmátì, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kàwé, inú ilé nìkan la ti ń gbọ́ Yorùbá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa bá ti wọ́, ẹ bá wa tọ́ ọ.

Àwọn oníṣẹ́ fóònù kò ní orúkọ mìíràn fún ẹ̀rọ yìí ju 'ultrasonic' lọ. Láti ìgbà tí GSM ti dé sí Nàìjíríà ní 2001 ni títún fóònù ṣe ti di iṣẹ́ ńlá, bí ẹ bá sì dé Banex Plaza ní Wúsè 2, ẹ ó rí i pé orí tábìlì àwọn ọ̀gá níbẹ̀ kì í ṣófo: áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, mítà, àti àpótí wa yìí. Àwọn oníṣègùn eyín ń lò ó láti fọ irinṣẹ́ wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń fi fọ òrùka, àwọn tó ń ṣe awò ojú náà ń lò ó.

Ìró ni ó fi ń fọ nǹkan, ṣùgbọ́n ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni. Bí nǹkan bá ń gbọ̀n ju 20,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ọmọ ènìyàn kò lè bá a mọ́. Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn ní ìṣirò àwọn baba wa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké yìí ń gbọ̀n ní 40,000 ìgbà, ìyẹn ọ̀kẹ́ méjì géérégé. Ariwo bí àkàrà tí ẹ ń gbọ́ yẹn kì í ṣe ìró náà fúnra rẹ̀. Omi ló ń ké, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tó ń gbọ̀n ni wọ́n ń pè ní transducer. Bí ẹ bá dojú ẹ̀rọ náà délẹ̀ tí ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i bí ó ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbada irin náà, ó tó àpò ìkúùkù ọmọdé. Òrùka méjì tí a mọ bí amọ̀ tánganran ni ó wà láàárín irin méjì, bóòtù kan sì fún gbogbo wọn pọ̀. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, ni wọ́n rí i ní 1880 pé àwọn òkúta kan wà tó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná máa ń yọ lára wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé òdì kejì rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: bí a bá fi iná sí wọn, wọn a sún kì, wọn a tún nà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Langevin, ọmọ Faransé bákan náà, fi irin méjì há irú òkúta bẹ́ẹ̀ láàárín, ó sì fi ń rán ìró sínú òkun láti wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Jámánì. Ọdún 1917 ni. Ọmọ-ọmọ ohun tí Langevin ṣe ni a fi ń fọ fóònù ní Àbújá lónìí.

Bí ìsàlẹ̀ agbada bá ti ń gbọ̀n, á máa ti omi, á sì máa fà á. Nígbà tó bá fà á gan-an, omi á ya díẹ̀díẹ̀, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí á sì ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tún ti omi, àwọn ihò náà á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sì já wọ inú wọn pẹ̀lú agbára tó ń bó ìdọ̀tí kúrò lára ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Wíwó àwọn ihò yìí ni ariwo àkàrà náà. Agbára rẹ̀ kò kéré o. Lord Rayleigh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1917 nítorí pé àwọn ihò bẹ́ẹ̀ ń jẹ irin abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ojú omi bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́. Bí ó bá lè jẹ irin ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé yóò jẹ agbada ẹ̀rọ tirẹ̀ náà bó pẹ́ bó yá.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹ̀rọ tiwa.

Tòkúńbọ̀ ni. Nínú owó tí a fi rà á, owó yàrá ọ̀kan nínú wa wà níbẹ̀, owó ìwé tí ìyá ẹnì kejì fi ránṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má sọ fún màmá náà. Omi lítà méjì ló ń gbà, transducer méjì ló wà nídìí rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, owó tó sì ń mú wọlé ni a fi ń jẹun. Nínú oṣù kẹrin, a ṣàkíyèsí pé ohun tí a bá fi sí apá òsì kì í mọ́ tó ti ọ̀tún. A kò ka á sí. A kàn ń gbé gbogbo nǹkan sí apá ọ̀tún ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan tí òjò oṣù kẹjọ ń rọ̀ láìdá, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé fóònù rẹ̀ wá. Ó ti já bọ́ sínú gọ́tà. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó ti fi sínú ìrẹsì kí ó tó rántí wa. Ẹ jọ̀wọ́, ìrẹsì kì í ṣe oògùn: omi tó wà lójú ìta nìkan ló lè fà díẹ̀, kò sì lè fa iyọ̀ àti ẹrẹ̀ tí omi gọ́tà fi sílẹ̀ lára pátákó fóònù, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹ irin. A sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ó ra fóònù mìíràn. Ó ní fóònù kọ́ ni ó ń dun òun. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀: ohùn màmá àgbà náà, níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Màmá náà ti kú. Kò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kò sì sí níbòmíràn.

A ní kó fọkàn balẹ̀. A gbé omi sínú ẹ̀rọ, a tẹ súwíìsì, kò sí nǹkan kan. Kò tan iná, kò dún.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, iná lọ, ó dé, ó lọ, ó tún dé, nǹkan bí ìgbà márùn-ún, tí àwọn ọmọdé àdúgbò ń pariwo 'Up NEPA!' nígbà kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà. A rò pé iná tó ń fò sókè yẹn ló pa á. A tú ìdí rẹ̀, a rí i pé fíúsì ti jó. Àṣìṣe tí a ṣe tẹ̀lé e nìyí, kí ẹ̀yin má bàa ṣe é: a kò ní fíúsì tó bá a mu nílé, a wá bó wáyà kan, a fi tín-ín-rín rẹ̀ di ojú fíúsì náà. Bí a ti ki í bọ iná, ó ní páà! Èéfín bo yàrá.

Ní ọjọ́ kejì a gbé e lọ bá Màlámù kan ní Wúsè tó máa ń tún irinṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ fóònù ṣe. Ẹni tó jẹ́ ọmọ Minna nínú wa ló kí i dáadáa ní Hausa, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lé wa. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wáyà yẹn, ó mi orí, ó ní fíúsì kọ́ ni àìsàn, fíúsì ni ẹni tó wá túfọ̀, àwa sì ti lu ẹni tó wá túfọ̀ pa. Kò gbà láti tún un ṣe fún wa. Ó ní kí a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun, kí a tún un ṣe fúnra wa.

Ohun kìíní tó kọ́ wa ni bí a kò ṣe ní kú. Yíyọ okùn kúrò lára iná kò tó. Iná ilé jẹ́ 230 volt, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ti yí i padà sí oríṣi iná tó fẹ́, ó máa ń tó 325 volt nínú kapásítọ̀ ńlá, kapásítọ̀ náà sì lè di í mú lẹ́yìn tí a ti yọ okùn. Màlámù fi ẹsẹ̀ gílóòbù kan kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì títí ó fi tú tán, ó fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Transducer pàápàá, bó bá gbóná tàbí tí a gbá a, lè ta ènìyàn láìsí lára iná rárá. Ohun tí àwọn Curie rí ní 1880 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe iná tó fò sókè nìkan ni. Transducer apá òsì ti ń ṣí kúrò lára agbada, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ya. Ìdí nìyẹn tí apá òsì kò fi ń fọ nǹkan láti oṣù tó kọjá. Ẹ wo gángan tí awọ rẹ̀ dẹ̀, onílù á máa lù ú, kò ní fọhùn bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni transducer tí kò fara mọ́ agbada ṣe ń gbọ̀n lásán: agbára tó yẹ kó bọ́ sínú omi á padà di ooru sí i lára. Ooru yẹn mú kí òrùka tánganran rẹ̀ sán, iná bẹ̀rẹ̀ sí fò láti ojú sísán náà, àmì dúdú wà níbẹ̀. Ìyẹn ni ó fi ẹrù tó pọ̀ jù lé àwọn tìránsísítọ̀ méjì tó ń darí rẹ̀ lórí, wọ́n jó, fíúsì sì jó láti dá iná dúró. Wáyà tiwa ni ó wá jẹ́ kí iná náà kọjá, ó sì sun dáyóòdù mẹ́rin tó wà ní ẹnu ọ̀nà àti ojú ọ̀nà kan lára pátákó. Ká ní a ti tú ìdí rẹ̀ wò nígbà tí apá òsì kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì, gọ́ọ̀mù nìkan ni à bá rà.

Bí a ṣe mọ transducer tó ti kú nìyí. A jó wáyà rẹ̀ kúrò lára pátákó, nítorí pé bó bá wà níbẹ̀, mítà á máa ka nǹkan mìíràn mọ́ ọn. A wá fi mítà tó ń ka kapásítọ̀ wọ̀n wọ́n. Ti apá ọ̀tún jẹ́ 3.9 nF, ti apá òsì kò ju 1.1 lọ. Bí ẹ kò bá mọ iye tó yẹ kó jẹ́, ẹ fi wọ́n wé ara wọn: àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kan náà yẹ kí wọ́n sún mọ́ra gan-an. Tí ẹ bá sì fi mítà wọn resistance wọn, kò gbọdọ̀ sí ọ̀nà tí iná lè gbà kọjá; bí ó bá wà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Màlámù ní ẹ̀rọ kan tó ti kú tí agbada rẹ̀ lu, inú rẹ̀ ni ó ti yọ transducer kan fún wa tó jẹ́ 40 kHz bíi tiwa, tí mítà sì ka 3.8 sí. A kò gbọdọ̀ fi 28 kHz sí ibi tí 40 wà, wọn kò ní gbọ̀n pọ̀.

Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ tìránsísítọ̀ méjèèjì pọ̀, kì í ṣe ọ̀kan, pẹ̀lú dáyóòdù àti àwọn rẹsísítọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó kan gọ́ọ̀mù. Ibí yìí ni ìjà ti fẹ́ẹ́ bẹ́ láàárín àwa mẹ́ta. A fi abẹ há gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a fi sáńpépà ha ojú irin méjèèjì, a fi sípírítì nù wọ́n. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí a ń pò pọ̀ ni ó yẹ, irú èyí tó gba wákàtí 24 kí ó tó le. Ṣùgbọ́n fóònù ọmọbìnrin yẹn wà nílẹ̀ tí ìpẹtà ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀kan nínú wa ní kí a lo súpà gúlùù, pé ìṣẹ́jú kan ó ti mú. Òótọ́ ni pé á mú. Ṣùgbọ́n ó máa ń le gbagidi bí gíláàsì, ohun tó bá sì ń gbọ̀n ní ọ̀kẹ́ méjì ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá á fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Èyí tó ń gbẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún náà kò dára tó, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń rọ̀ nígbà tí omi bá gbóná. A dìbò, ìbò méjì sí ọ̀kan, a ní a ó dúró. A pò ó, a fi í sí ojú rẹ̀ tín-ín-rín láìsí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, a gbé ìwé Físíìsì nínípọn kan lé e lórí, a lọ sùn. A kò sùn.

Ní òru yẹn, a tú fóònù náà palẹ̀. A yọ bátìrì, ojú rẹ̀, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìgbóhùn, nítorí pé àwọn yẹn kò gbọdọ̀ wọ inú ultrasonic láé. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rírọ̀ àti sípírítì fọ pátákó rẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó wà lójú ìta kúrò. Abẹ́ àwọn ṣíìpù ni búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, ibẹ̀ ni ìgbẹ́kẹ̀lé wa wà.

Kí wákàtí 24 náà tó pé, ẹ jẹ́ ká sọ nípa àwọn àìsàn mìíràn tí Màlámù fi hàn wá lára ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Bí omi bá ń gbóná tí iná sì tàn, ṣùgbọ́n tí kò sí ariwo àkàrà, ẹ má wulẹ̀ wo fíúsì àkọ́kọ́, iná ti dé inú. Ẹ wo wáyà tó lọ sí transducer bóyá ó já, nítorí pé gbígbọ̀n náà máa ń já wọn níbi tí a jó wọn mọ́. Ẹ wo aago rẹ̀, kí ẹ tó kan tìránsísítọ̀. Bí ó bá ń dún tí kò sì fọ nǹkan, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kò ṣàìsàn rárá. Omi tuntun ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ yẹn sì máa ń gba agbára jẹ. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi nǹkan sí i. Omi tútù náà kò dára tó omi tó gbóná díẹ̀, bí 50 sí 60 ní ìdíwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá sì kó nǹkan lé ìsàlẹ̀ agbada láìlo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ń pa á ni, nítorí pé nǹkan náà kò ní jẹ́ kó gbọ̀n, á sì máa ha irin. Títan ẹ̀rọ láìsí omi nínú rẹ̀ burú jù gbogbo rẹ̀ lọ. Fífi pẹtiróòlù tàbí sípírítì kún agbada dípò omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtúnṣe mọ́, ọ̀rọ̀ panápaná ni. Bí agbada bá sì ti lu, ẹ má jẹ́ kí oníwẹ́dà kankan tàn yín. Ẹ yọ transducer rẹ̀ bí Màlámù ti ṣe, kí ẹ sì sin ìyókù.

Nígbà tí àkókò pé, a kò ki í bọ iná lọ́nà tààrà. A yọ wáyà ohun tí ń mú omi gbóná, a bu omi sínú agbada, a sì fi gílóòbù àtijọ́ kan, 100 watt, irú èyí tó ń gbóná, sí ojú ọ̀nà iná kó tó dé ẹ̀rọ. Bí nǹkan kan bá ṣì ń ṣàìsàn nínú rẹ̀, gílóòbù á tàn rokoṣo, á sì gba ìyà náà jẹ dípò tìránsísítọ̀. Ó tàn fírí, ó rẹ̀ sílẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí ké díẹ̀díẹ̀. A yọ gílóòbù, a fi fíúsì tó bá a mu sí i, a dá wáyà tí ń mú omi gbóná padà, àkàrà wa tún dínkù nínú epo bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó ku ìdánwò kan. A gé fọ́ìlì tí wọ́n fi ń sè mọ́ínmọ́ín, a fi í sínú omi lóòró láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ bá yè, fọ́ìlì náà á ní ojú wẹ́wẹ́ bí ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà, láti òsì dé ọ̀tún. Bí apá kan bá ń dán síbẹ̀, transducer apá yẹn kò ṣiṣẹ́. Ti tiwa jẹ káàkiri. Ká ní a ṣe ìdánwò yìí ní oṣù kẹrin ni, a kò bá má fi owó yàrá ra tìránsísítọ̀.

A fi pátákó fóònù sínú apẹ̀rẹ̀, omi pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, nítorí pé bó bá pẹ́ jù, ó lè pa àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Ìdọ̀tí tú jáde láti abẹ́ àwọn ṣíìpù bí èéfín nínú omi. A fi omi bátìrì tí kò ní ásíìdì ṣàn án, a fi sípírítì ṣàn án lẹ́yìn tí a gbé e jáde, a sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. A ki bátìrì mìíràn àti ojú mìíràn tí a yá bọ̀ ọ́. Ìgbà kìíní, kò dáhùn. Ìgbà kejì, ó tàn.

A ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà kí a tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ó tú ohùn náà sí kọ̀ǹpútà wa, ó tún tú u sí fóònù mẹ́ta, tiwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní kí a máa bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó wá tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú oríkì náà tí àwa ọmọ Òkè Ọya kò gbọ́ rárá, òun náà kò sì mọ gbogbo rẹ̀. A ti kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Ìgbómìnà dáadáa nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá rí wa.

Fóònù náà kò lè pe ènìyàn mọ́, ó ti ra òmíràn. Ẹ̀rọ wa ṣì wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ó wá ní ọ̀sán Sátidé, bí iná bá wà. Kí ó mú fọ́ìlì tirẹ̀ lọ́wọ́, tiwa ti tán.